Ta Ni Obìnrin Yìí Sí Ọ?

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì fìgbà kan rò pé èmi àti òun lè ní aáwọ̀, títí di ọjọ́ tí obìnrin kan ará Ìlobù jókòó níwájú mi, tí ó ń sunkún nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rìnlá nínú ìgbéyàwó láìrí ọmọ bí. Nígbà tí ó yá, wọ́n gba ọmọkùnrin kan ṣọmọ. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ó wọ ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ wọlẹ̀ sí, ìyá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ifọ̀n kò sì lágbára mọ́. Ìyá àgbà náà fọwọ́ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ ilé wọn wò, adájọ́ sì gbé ọmọ náà lé wọn lọ́wọ́. Kò ju oṣù mẹ́wàá lọ lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi gbéra, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti lọ kí àbúrò ọkọ ní London. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ lò. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ni òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọmọ náà lójú, ó sì bi í léèrè ní èdè Yorùbá pé, ‘Ta ni obìnrin yìí sí ọ?’

Ọmọ náà wo obìnrin náà, ó wo ilẹ̀, ó ní, ‘Wọ́n ní kí n máa pè wọ́n ní Mọ́mì.’

Kíá ni wọ́n fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n yẹ ìwé kóòtù wò, wọ́n tẹ ẹnìkan láago, wọ́n tún bi ọmọ náà ní ìbéèrè mìíràn. Nígbà tí ó tó bíi wákàtí kan, wọ́n dá wọn sílẹ̀, ọkọ̀ kò sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Obìnrin náà kò bínú sí òṣìṣẹ́ yẹn, èmi náà kò sì rí i bá wí. Orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe òfin tó de kíkó ènìyàn ṣòwò láti ọdún 2003. Bí ọmọ kan bá ń bá àgbà rìn, tí ohùn rẹ̀ sì ń kọ́ nígbà tí a bi í léèrè ẹni tó mú un lọ́wọ́, ẹni tí kò bá dá a dúró ni ọ̀dàlẹ̀. Ohun tó dun obìnrin náà ni pé òun ti rò pé òun ti di ìyá. ‘Ẹ̀gbọ́n,’ ó ní, ‘kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí tí kò tó? Ṣé kò wá lè purọ́ kékeré kan fún mi ni?’

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Bí ẹni tó ń tọrọ orúkọ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní irọ́, kí ni a fẹ́ kí ọmọ náà pè é?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. Nínú èdè wa, kò sí ohun tó rọrùn tó kí ọmọdé pe obìnrin ní ìyá. Ìyàwó bàbá rẹ̀, ìyá ni. Àbúrò ìyá rẹ̀, ìyá ni. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkóríta, Ìyá Ẹlẹ́kọ ni, bí kò tilẹ̀ bímọ rí láyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ ni ‘ìyá’ láàárín wa, àgbàlá ni, ènìyàn púpọ̀ lè jókòó níbẹ̀ láìtẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. ‘Mọ́mì’ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ló kó o wá, ilé kótópó sì ni, ẹnìkan ṣoṣo ló gbà. Nígbà tí tọkọtaya náà sọ pé kí ọmọ yìí máa pe obìnrin náà ní Mọ́mì, wọn kò mọ̀ pé àwọn ń sọ fún un pé kí ó gbé ẹnìkan jáde kí ẹlòmíràn lè wọlé. Ọmọ náà mọ̀. Ó ti gbọ́n tó láti mọ ìyàtọ̀ ohun tí a ní kí ó wí àti ohun tí ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì wí méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rí tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní kóòtù kankan.

Òwe mìíràn wà tí ó sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbà ṣọmọ ní ọdún mẹ́jọ ti ní àkísà tirẹ̀. Ó mọ òórùn ibi tí ó ti ń sùn. Ó mọ orin tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti sunkún òkú. Ìkókó tí a gbà ní ọjọ́ kẹta kò ní nǹkankan tí a fẹ́ kí ó gbàgbé, ṣùgbọ́n a kò lè gba ọmọ tó ti gbọ́n ṣọmọ láìgba ẹrù tó rù wọlé. Àwọn ènìyàn a sì máa fẹ́ ọmọ náà láìfẹ́ ẹrù.

Baba ńlá wa kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí a ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá mọ Ìlobù àti Ifọ̀n yóò mọ̀ pé ìlú méjèèjì súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ìjọba fi Ìlobù ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ó fi Ifọ̀n ṣe ti Orólù. Ìjà ilẹ̀ sì ti da àárín wọn rú lọ́pọ̀ ìgbà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 títí ìjọba fi ní kí onílé gbélé. Síbẹ̀, àna ara wọn ni wọ́n. Ọjà kan náà ni àwọn obìnrin wọn ń ná. Ọmọ tí a bí ní ìlú kan a máa dàgbà ní èkejì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, lọ́dọ̀ olùkọ́, lọ́dọ̀ oníṣòwò tí kò rí ọmọ bí tàbí tí ó fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a rán ìṣẹ́. Àgbàtọ́ ni à ń pe èyí. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí adájọ́. Bí ọdún Ìléyá tàbí ti Kérésìmesì bá dé, ọmọ náà a lọ sílé. Bí ìyá tó bí i bá bá a pàdé lọ́jà, tí ó rí i pé egungun àyà rẹ̀ ti yọ, ìyá náà yóò béèrè. Alágbàtọ́ mọ̀ pé ojú wà lára òun. Ọ̀nà kúkúrú tó wà láàárín ilé méjèèjì ni òfin, òun náà ni adájọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí i pé ọmọ àgbàtọ́ kì í ní ìṣòro kankan bí a bá bi í pé ta ni obìnrin yìí sí ọ. Yóò dáhùn pé, ‘Ìyá tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni.’ Ẹnikẹ́ni kò ní sunkún nítorí ìdáhùn yẹn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ; igba náà ní orúkọ tiwọn, wọn kì í dù ti ẹni kìn-ín-ní.

Ṣùgbọ́n kí a má fi òkùnkùn bo ojú ara wa. Ìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ nínú àgbàtọ́. Mo rántí ọmọbìnrin kan nínú agbo ilé tiwa tí ó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí ó sì jẹ́ pé èèpá ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ó máa ń kan án nínú oúnjẹ. Ó wà pẹ̀lú wa fún ọdún méje. Nígbà tí màmá tó gbà á tọ́ papòdà, kí a tó jẹ ẹ̀kọ ọjọ́ kẹjọ ni àwọn mọ̀lẹ́bí ti di ẹrù rẹ̀. Wọn kò lù ú, wọn kò bú u. Wọ́n kàn fún un lówó ọkọ̀ ni. Èmi náà jẹ nínú ẹran òkú ọjọ́ yẹn, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òfin fi wá. Ìlà-Oòrùn orílẹ̀-èdè yìí ló kọ́kọ́ ṣe òfin ìgbàṣọmọ, ní ọdún 1965. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 1968. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì la ọ̀nà náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gbà á wọlé. Ohun tí òfin yìí ń ṣe lágbára púpọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, kí a ka ọmọ náà sí ẹni tí tọkọtaya náà bí nínú ìgbéyàwó wọn, kí ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn tó bí i sì dópin. Kò sí ìbátan tó lè fún un lówó ọkọ̀ mọ́. Yóò jogún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àgbàtọ́ àtijọ́ sàn ju èyí lọ, màá ní kí ó lọ bi ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kò ju ẹyọ kan lọ. Òfin lè sọ ẹni tí ọmọ jẹ́ láti òní lọ, kò lè sọ ẹni tí ó ti jẹ́ ní àná. Bí a bá sì gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀ òfuurufú kí àná náà tó rí ibi jókòó sí nínú ilé tuntun, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Nílé, ọ̀nà Ifọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ṣì wà níbẹ̀. Ní ojú òfuurufú, ohun tí ọmọ náà ní kò ju ìwé ìrìnnà kan lọ, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìtàn ti fi irú èyí hàn wá rí. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhòmì, ya wọ Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì kó òun alára lọ sí Abomey. Nígbà tí ọ̀gákọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Frederick Forbes dé ààfin Gezo ní ọdún 1850 láti bá a sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú, ọba náà fi ọmọ yìí ta á lọ́rẹ. Forbes gbà á. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1851 pé bí òun bá kọ̀ ọ́, pípa ni wọn yóò pa á, kò sì sí ohun tó lè mú kí a sọ pé irọ́ ló pa. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Àgbádárìgì, wọ́n fún un ní orúkọ mẹ́ta: Sarah, Forbes, tí í ṣe orúkọ ọ̀gákọ̀ náà, Bonetta, tí í ṣe orúkọ ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ ènìyàn ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Forbes mú un lọ sí ààfin Windsor, Ọbabìnrin Victoria rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gba bùkátà rẹ̀ ṣe. Ní 1851 Forbes kú. Wọ́n ní òtútù Ìlú Ọba kò bá ara ọmọ náà mu, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Freetown. Ní 1855, wọ́n tún ní kí ó máa bọ̀. Ìdílé Schön, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó ti bá Àjàyí Crowther rìn lójú odò Ọya ní 1841, ni wọ́n fi í wọ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Schön ni ó ń pè ní Màmá nínú lẹ́tà rẹ̀. Ní 1862 wọ́n fi í fún James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí aya rẹ̀ ti kú. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó kọ̀wé sí Màmá Schön pé òun kò ní ìfẹ́ ọkùnrin náà. Wọ́n mú un lọ sí Brighton, wọ́n fi sọ́dọ̀ àwọn arúgbó obìnrin kan, níkẹyìn ó gbà.

N kò sọ ìtàn yìí kí a lè bú Forbes tàbí Ọbabìnrin. Wọ́n ṣe é lóore, oore náà kò sì kéré: ó là, ó kàwé, ó mọ orin kọ, ó mọ dùùrù tẹ̀, ó bímọ. Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi ni pé oore tí ẹni tí a ṣe é fún kò lè kọ̀, ṣé oore náà pé? Láti Abomey dé Windsor, láti Windsor dé Freetown, láti Freetown padà, láti Gillingham dé Brighton, kò sí ìrìn kan nínú àwọn ìrìn wọ̀nyí tí ó jẹ́ òun ló ní kí á lọ. Àwọn tó ń mú un rìn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń mú un rìn bí ẹrù.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí wọn kò lè mú lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1862, ní ilé ìjọsìn St Nicholas ní Brighton, nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ ìyàwó sínú ìwé ìgbéyàwó, orúkọ kan ṣáájú Sarah. ‘Ina’ ni wọ́n kọ. Àìná ni. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé kì í ṣe òbí ló ń yan Àìná fún ọmọ. Àmútọ̀runwá ni. Ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni à ń pè bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni. Ẹ̀rí ohun tí agbẹ̀bí àti ìyá nìkan rí ní ọjọ́ kan ní Òkè-Ọ̀dàn ni orúkọ yẹn. Ìyá ti kú. Ilé ti jó. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí ogun kó o. Ọmọbìnrin náà sì rántí.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún obìnrin Ìlobù náà, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ ohun kan fún mi tí kò tíì sọ tẹ́lẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni ọmọ tiwọn náà ń jẹ́ láti Ifọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé, wọ́n yọ orúkọ náà, nítorí wọ́n rò pé ó ti gbó, wọ́n sì fi orúkọ tuntun méjì tó lẹ́wà rọ́pò rẹ̀. Kò sí orúkọ tí ó ti ń jẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti délé ayé nínú ìwé ìrìnnà tí òṣìṣẹ́ náà ṣí. Ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ náà ti fi orúkọ tuntun pè é, kí ọmọ náà má sì tètè dáhùn.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ti Àìná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ti ń fi àwọn ọmọ wọn fún ìdílé aláwọ̀ funfun láti bá wọn tọ́, tí wọ́n ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgbàtọ́ ni wọ́n pè é lọ́kàn wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n mọ̀ nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n lè ti pàdé ọmọ náà, kò sí ẹni tí yóò rí egungun àyà. Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, òṣèré sinimá tí òkìkí rẹ̀ kàn, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìlú Tilbury ni ó ti dàgbà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe sinimá tó jáde ní 2018. Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà. Àwọn òbí rò pé wọ́n ń mú un bọ̀ wálé ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń mú ọmọ náà lọ. Kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn tí ojú wọn jọ tirẹ̀ ni àjèjì sí i. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dédé sọ ilé di ilé.

Èyí tó burú jù lọ ni ti Victoria Climbié, ọmọ ilẹ̀ Côte d’Ivoire. Àwọn òbí rẹ̀ fi í lé ìbátan kan lọ́wọ́ ní 1998 kí ó lè lọ kàwé ní Yúróòpù, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi ọmọ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ìwé ìrìnnà tí a fi mú un rìn, orúkọ ọmọ mìíràn ló wà nínú rẹ̀: Anna. Anna ni àwọn olùkọ́, àwọn oníṣègùn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London mọ̀ ọ́n sí, títí ó fi kú nípa ìyà ní oṣù kejì ọdún 2000, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ dájú pé tọkọtaya tiwa kò jọ ìkà yẹn rárá, bí ọ̀sán kò ti jọ òru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé nítorí irú Anna yìí ni òṣìṣẹ́ kan fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ọmọ. Nítorí irú rẹ̀ náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe àdéhùn ní ìlú Hague ní ọdún 1993 lórí gbígba ọmọ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, tí Ìlú Ọba sì fi dí ọ̀nà gbígba ọmọ ṣọmọ láti Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ẹni tó ń kẹ́dùn pé wọ́n bi òun léèrè kò tíì mọ iye ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè wọn.

Ǹjẹ́ kí a wá máa jókòó sílé ni? Rárá o. Bí ìrìn àjò bá dára fún ọmọ tí a bí, ó dára fún ọmọ tí a gbà ṣọmọ. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn ní London, ibi tí ọmọ náà ti súnmọ́ wọn jù lọ ni inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ń ba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Ó di ọkùnrin náà mú lápá ọ̀tún, ó di obìnrin náà mú lápá òsì. Nílé, àwọn ni wọ́n mọ gbogbo nǹkan, òun ni àlejò. Lójú ọ̀nà, gbogbo wọn di àlejò. Mo rò pé oore tó wà nínú ìrìn àjò nìyẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n.

Ìlobù fúnra rẹ̀ ti rí ẹni tó mọ ohun tí mò ń wí yìí. Ní àwọn ọdún 1950, Ulli Beier àti Susanne Wenger gbé ní ìlú náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní Ìbàdàn àti Ẹdẹ, kí wọ́n tó kọjá sí Òṣogbo. Beier kọ̀wé nípa àwọn ère ìlú náà. Obìnrin ará Austria yìí ni àwọn ènìyàn wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ní Òṣogbo, ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣọmọ. Ṣàngódáre Àjàlá, oníṣẹ́ ọnà àti olórìṣà tó di olóògbé ní 2021, wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Adédoyin Fáníyì. Ẹni tó bá fẹ́ lè bá Àdùnní jiyàn lórí ohun púpọ̀, èmi náà ti bá a jiyàn nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n wò ó: obìnrin aláwọ̀ funfun gba ọmọ wa ṣọmọ, orúkọ ọmọ kò sì yí padà. Orúkọ tirẹ̀ ni ó yí. Ó kọ́ èdè wọn. Ní òkèèrè tí ó ti wá, òun ni ó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Mo mọ èsì tí a lè fún mi. Obìnrin Ìlobù náà fún mi lésì ọ̀hún. Ó ní bí òun bá ń jẹ́ kí ọmọ náà máa wẹ̀yìn, ìgbà wo ni yóò rí iwájú? Ó ní àwọn ará àdúgbò kò ní yéé pè é ní ọmọ Ifọ̀n, pàápàá ní ìgbà tí ìjà bá ń bẹ láàárín ìlú méjèèjì. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà fọkàn balẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò wá gbà á padà. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìbẹ̀rù ọmọ pé a lè dá òun padà pọ̀ ju ìbẹ̀rù àgbà lọ. Ṣùgbọ́n mo bi í pé nínú àwọn méjì yìí, èwo ni yóò fọkàn balẹ̀ jù: ọmọ tó mọ̀ pé a fẹ́ òun pẹ̀lú Ifọ̀n lára òun, tàbí ọmọ tó rò pé ọjọ́ tí Ifọ̀n bá hàn lára òun ni ìfẹ́ náà yóò dópin? Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó.

Ní ti òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò rò mọ́ pé ó burú. Kò sọ pé kí a má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn bí kò bá ní ẹni tí yóò fi sí i fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá bá ìlẹ̀kẹ̀ kan ní ìdí ọmọ náà, tí ẹni tó ti kú so fún un, n kò mọ ẹni tó fún wa láṣẹ láti já a.

Mo gbọ́ pé nígbà tí wọ́n dé láti London, ọmọ náà kò fẹ́ tú ẹrù ní Ìlobù. Ó ní òun fẹ́ lọ fi bàtà òun han ìyá àgbà. Ọkọ ní ó ti rẹ àwọn, kí ó di ọ̀la. Obìnrin náà ló mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ní Ifọ̀n, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà lórí àpótí, ọmọ náà jókòó lórí ẹní lẹ́bàá arúgbó, ó ń sọ ti òtútù, ó ń sọ ti àkàsọ̀ tó ń gbé ènìyàn gòkè fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà ń pè é ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ó ń dáhùn. Arúgbó náà wá béèrè pé nínú ọkọ̀ tó ń fò lójú sánmà yẹn, ta ni ó dì mú? Ọmọ náà kò tilẹ̀ dánu dúró nínú ìtàn tó ń sọ. Ó kàn fi ẹnu nà sí ọ̀nà ibi tí obìnrin náà jókòó sí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ àkàsọ̀ rẹ̀ lọ.